Ẹ Káàbọ̀, Ẹ Gba Yìnyín

Nígbà kan rí, bí àlejò bá wọlé, omi tútù ni a fi ń pàdé rẹ̀, oúnjẹ a sì tẹ̀ lé e kí ó tó rántí ohun tí ó bá wá. Àwọn onílé òde òní tí ojú wọn là ní Èkó àti Ìbàdàn ti rí i pé iṣẹ́ méjì nìyẹn, wọ́n sì ti pa méjèèjì pọ̀: wọ́n ń mú kí omi náà dì mọ́ igi, wọ́n ní oúnjẹ ni.

Kankéré ni a ń pè é nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí àwọn ìyá wa ń fi pàṣán lé wa nídìí rẹ̀ pé yóò fa ikọ́. Òun náà ni ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gbé síwájú ìyá mi ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n nítorí pé àgbálùmọ̀ ni ó lọ̀ sínú rẹ̀, tí ewé efinrin kan sì dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀ bí ẹni tí ó kú sómi, ó ti kúrò ní kankéré. Ó ti ní orúkọ òyìnbó gígùn.

Èso tí ènìyàn lè gé sínú àwo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń dà sínú ike kéékèèké, tí ó sì ń sùn sínú fírísà mọ́jú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, fò láti náírà 68 sí náírà 225 lórí ẹyọ kan. Ẹni tí kò sì sí ní Band A a tan jẹnẹrétọ̀ lóru nítorí igi méjìlá, àwọn aládùúgbò tí a kò pè a bá wọn ṣe àìsùn àlejò náà. (Fan Milk ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1961, fèrè oníkẹ̀kẹ́ wọn sì ń dún lẹ́nu ọ̀nà.)

Ṣúgà kì í jẹ́ kí omi èso tètè dì. Omi lásán ni ó kọ́kọ́ ń dì, adùn a sì sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àlejò bá fà á mu lẹ́ẹ̀mẹta, àwọ̀ àti adùn ti wọ ọ̀fun tán, ó wá ku yìnyín funfun tí yóò máa lá nítorí ojú onílé. Ìyẹn náà, bí wọ́n bá ti ya fọ́tò rẹ̀ tán ni o. Kí wọ́n tó yà á tán, ìdajì rẹ̀ ti wà lórí àga.

Ìyá mi, tí eyín wọn kò bá ohun tútù rẹ́ mọ́, dì í mú bí ẹni tí ó gbé àbẹ́là. Wọ́n ní, “O ṣé o, ìyàwó wa. Ṣé o lè bá mi gbé e kaná díẹ̀?”

Nígbà tí a ń lọ, ó di mẹ́rin sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa ní Ìwó Road. Bí a ti délé, àwọn ọmọ sáré pàdé wa, mo ṣí ọ̀rá, mo sì pín igi fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kò dúró wò ó; wọ́n ti gba ilé ìdáná lọ, wọ́n ń wá orógùn.