Ta ló sọ pé kọ́múníìsì ni Bíṣọ́ọ̀bù Romero?

Lánàá ní Takie, níbi tí àwa tá à ń ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ máa ń dúró sí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti òṣèlú tún délẹ̀, ni bàbá kan bá ní bíṣọ́ọ̀bù tó bá ti ń bá ìjọba fà á, bíi Romero yẹn náà ni, kọ́múníìsì, ẹ̀yìn àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Onítẹ̀bọmi ni mí (Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáà la wà), kò sóhun tí mo ń wá lọ́dọ̀ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n fi Óscar Romero jẹ áṣíbíṣọ́ọ̀bù San Salvador, olú ìlú El Salvador, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní February 1977, inú àwọn olóko kọfí ló dùn, àwọn fádà tó ń bá mẹ̀kúnnù ṣiṣẹ́ ló fajú ro, torí ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í wá wàhálà. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi yìnbọn pa Fádà Rutilio Grande, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti bàbá arúgbó kan pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú mọ́tò, wọ́n ń lọ síbi Mísà ni. Romero lọ síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ó fojú ara ẹ̀ rí òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Látìgbà yẹn ló ti ní òun ò ní tẹsẹ̀ bọ òde ìjọba kankan àfi tí wọ́n bá wádìí ẹni tó pa wọ́n, kò sì lọ síbi tí wọ́n ti búra fún ààrẹ tuntun lóṣù July (Romero lòun náà ń jẹ́, wọn kì í ṣe ẹbí).

Ìbọn dà níbẹ̀? Lọ́jọ́ọjọ́ Sunday lórí rédíò ló máa ń dárúkọ àwọn tí wọ́n pa lọ́sẹ̀ yẹn àtàwọn tí wọ́n gbé lọ tí wọn ò padà wálé mọ́, ó sì ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà wí tí wọ́n bá jí èèyàn gbé. Ní February 1980 ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Carter ní Amẹ́ríkà pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ran àwọn ṣójà ìjọba El Salvador lọ́wọ́ mọ́. Ní 23 March ó ní kí àwọn ṣójà yéé pa èèyàn, lọ́jọ́ kejì wọ́n yìnbọn pa á nídìí pẹpẹ, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní ọsibítù àwọn alárùn jẹjẹrẹ, ibẹ̀ náà ló ń gbé.

Bàbá ní, "Àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn náà ló pa á ṣá." Mo ní, "Rárá o, bàbá. Ní 1993, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ sọ pé Roberto D'Aubuisson ló pàṣẹ, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀tá kọ́múníìsì paraku sì ni."