Àtúnṣe: Físà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Jàpáánì kò so mọ́ N1
Wọ́n ń pín in kiri pé ẹni tí kò bá yege N1, ìpele tó ga jù nínú ìdánwò èdè Jàpáánì, kò lè rí físà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbà níbẹ̀. Irọ́ ni, ó sì dùn mí pé ó ń fa àwọn ọ̀dọ́ sẹ́yìn. Oyè yunifásítì tó bá iṣẹ́ náà mu, tàbí ìrírí ọdún 10, ni òfin ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ́ńjìníà. Ọ̀rọ̀ èdè kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà yín. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Jàpáánì ṣèpàdé, N1 nìkan ò tó o: ìdánwò yẹn kì í dán ọ̀rọ̀ sísọ wò rárá. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu sọ ọ́.