Èsì wa sí oníbàárà tó ní awùsá ń pa ọsàn òun

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, bàbá wa. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, a sì ka ohun tí ẹ kọ: pé awùsá tí ẹ rà ní nọ́sìrì wa n'Ìkéré ló ń fi oró pa ọsàn yín, torí ọmọ yín tó wà l'Amẹ́ríkà ní walnut kì í jẹ́ kí igi eléso tó bá wà nítòsí rẹ̀ gbádùn.

Òótọ́ lọmọ yín sọ, àmọ́ ti ọ̀hún ló ń sọ. Black walnut ni tiwọn, igi ńlá tó dá dúró. Oró kan tí wọ́n ń pè ní juglone wà nínú gbòǹgbò, ewé àti èèpo èso rẹ̀. Bí blueberry tàbí tòmátì bá bọ́ síbi tí gbòǹgbò yẹn dé, ewé á pọ́n, á rọ, ó lè kú pátápátá. Wọ́n gé igi náà tán, oró ṣì lè wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Bí ọmọ yín bá fẹ́ gbin èso sẹ́yìnkùlé, kó jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó mítà 20, tàbí kó gbin black raspberry. Ìyẹn ń fara dà á.

Awùsá tiwa ò bá a tan. Ìdílé gbágùúdá àti rọ́bà ni, ìtàkùn sì ni. (Oró kan ṣoṣo tá a mọ̀ mọ́ ọn ni kí èèyàn jẹ ẹ́ kó mu omi lé e, kẹ́nu korò.) Ẹ wo fọ́tò kejì tí ẹ fi síbẹ̀ dáadáa. Ó ti lọ́ mọ́ ọrùn ọsàn, ó yọrí lókè, ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀. Ọsàn tí kò rí oòrùn, ṣé ewé rẹ̀ ò ní pọ́n? Gúrọ́fà tó sún mọ́ ìdí awùsá ju ọsàn lọ, tí ìtàkùn ò gun, tutù yọ̀yọ̀ nínú fọ́tò kan náà. Gbogbo ẹni tó bá rà á la máa ń sọ fún pé igi ńlá ni kí wọ́n fi í sí. Ọsàn àgíríkì ò lè gbé e.

A ò ní lè dá owó yìí padà, ẹ má bínú. Ẹ má fà á já tipátipá o, èèpo ọsàn á bó. Ẹ gé èyí tó lọ́ mọ́ ọn sí wẹ́wẹ́, kó gbẹ kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ fi okùn darí rẹ̀ sára ayùnrẹ́ tá a rí ní ààlà oko yín. Bí ẹ bá fẹ́ ká wá bá yín gé e, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì. Owó ọkọ̀ ọmọọṣẹ́ nìkan lẹ máa san.