Íntáfíù kọ́ ló ń múni wọ Harvard

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ẹnì kan máa bá a sọ̀rọ̀ lórí Zoom. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹbí ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ wọn lọ bẹ aládùúgbò pé kó bá àwọn pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fún wákàtí kan. Kóòtù bàbá ni ọmọ wọ̀, apá rẹ̀ bò ó lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ọkùnrin ọ̀hún yọjú, tíṣáàtì ló wọ̀, ọmọdé kan ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí ọmọ wa ń sìn ló ń bi í léèrè ṣáá. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ilé hó. Ó ti wọlé! Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n ní àwọn ò mú un. Títí dòní ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi í pé, "Kí lo tiẹ̀ sọ fún ọkùnrin yẹn?"

Kò sọ nǹkan kan tó burú. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣàánú ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ lásán ni ọkùnrin yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Harvard àti MIT, àwọn yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà, náà nìyẹn. Kì í jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń mú ọmọ. Ó kọ ohun tó rí, ó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Harvard fúnra wọn sọ pé bí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́jáde tó lè rí ọmọ kan, àìrí i kò ní pa á lára. Yunifásítì Columbia tilẹ̀ ti pa íntáfíù tiwọn tì. Ní 2024, àwọn 54,008 ló fẹ́ wọ Harvard, 1,937 ni wọ́n mú. Ẹnu dídùn mélòó ló fẹ́ wọ inú ìyẹn?

Àtimọ ẹni tó gbọ́n jù kọ́ ló tiẹ̀ bí íntáfíù yìí. Láàárín 1920 sí 1930, ọmọ Júù ń fi máàkì wọ àwọn ilé ìwé ńlá wọ̀nyẹn, ó sì ń ká àwọn ọ̀gá lára. A. Lawrence Lowell, ọ̀gá àgbà Harvard, fẹ́ fi òǹkà dí wọn lọ́nà. Nígbà tí ìyẹn ò bọ́ sí i, wọ́n ní máàkì nìkan ò tó mọ́: kí ọmọ mú fọ́tò wá, kí wọ́n wo "ìwà" rẹ̀, kí wọ́n rí i lójúkojú.

Ẹjọ́ tí wọ́n pe Harvard pé ó ń rẹ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà jẹ, tó dé kóòtù Boston ní 2018, ló wá tú àṣírí kan tí mo fẹ́ràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó rí ọmọ lójúkojú fún àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà ní máàkì ìwà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn aláwọ̀ funfun dọ́gba. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì tó ń mú ọmọ, tí wọn ò rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rí, ni wọ́n fún wọn ní máàkì tó kéré. Ta wá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ?

Ẹ má fi Oxford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé e o. Níbẹ̀, àwọn tó máa kọ́ ẹ gan-an ló ń bi ẹ́ ní ìbéèrè iṣẹ́, ó sì wúwo.

Lójú tèmi, íntáfíù físà la fi ń wo ti ilé ìwé. Físà yàtọ̀. Òfin Amẹ́ríkà gbà pé ṣe lo fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀, àfi tó o bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lẹ́yìn gíláàsì ló sì ń pinnu.

Ilé ìwé mìíràn, tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ rí, ló padà mú ọmọ wa. Ìgbà tó dé Victoria Island fún físà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ ẹja.