Bí dókítà bá ti tẹ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ò tíì parí

Ní Ìkòròdú níbí, láti Agric títí dé Ìgbógbó, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tí dókítà àdúgbò ní kí wọ́n lọ rí dókítà ní ọsibítù ńlá: "Kí ni mo tún fẹ́ gbé ìwé lọ ṣe? Dókítà ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà." Wọ́n gbà pé àìsàn ẹni, oògùn ẹni, títí kan àyẹ̀wò ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ti ṣáájú ẹni dé ọsibítù ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Lẹ́tà ló ń lọ. Ohun tí dókítà bá kọ síbẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò tó bá so mọ́ ọn nìkan ni wọ́n máa rí lọ́hùn-ún. Bó bá gbàgbé pé pẹnisílíìnì kì í bá ara yín mu, kọ̀ǹpútà ò ní bá a rántí.

Ìlú ọba ni wọ́n sábà fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún mi. Lóòótọ́, láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n ti ní àwọn ò ní sanwó ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ fún ọsibítù England lórí ẹni tí dókítà àdúgbò fi ránṣẹ́, àfi tó bá gba orí ẹ̀rọ wá. Síbẹ̀, wọ́n ń fún aláìsàn ní nọ́ńbà ẹyọ 12 àti páásíwọ̀ọ̀dù tó lè fi mú ọjọ́ fúnra rẹ̀. Dókítà àgbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí sì lè dá lẹ́tà náà padà.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, gbà pé ó ti parí. Wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́. Ìdájí ni wọ́n kúrò nílé, wọ́n há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12, wọ́n dé ọsibítù, akọ̀wé wá orúkọ wọn títí, kò rí i. Orúkọ bàbá wọn ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ níbí, ti ọkọ wọn ni wọ́n dá lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ oògùn wọn. "Èyí funfun, èyí pupa," ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n ṣe padà wálé nìyẹn. Ó dùn mí gan-an.

Èmi ò bá kọ̀ǹpútà jà o. Ó sàn ju ìwé tí òjò lè pa lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè kà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nọ́ńbà lẹ́tà yín kí ẹ tó dìde níwájú dókítà, ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ yín.

Nígbà kejì, gbogbo oògùn àǹtí wà nínú ọ̀rá, a kọ nọ́ńbà náà sórí bébà, orúkọ méjèèjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí nọ́ọ̀sì fi pè wọ́n wọlé.