Kì í ṣe ọsibítù ló ń pa ẹsẹ̀ tó ṣẹ́

"Ẹ má gbé e lọ sí ọsibítù o, wọn á gé ẹsẹ̀ rẹ̀!" Bí ọ̀kadà bá gbá èèyàn lójú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn níbí ní Àkúrẹ́, kí wọ́n tó gbé onítọ̀hún nílẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ ni mo wà. Òótọ́ ni pé àwọn kan gbé ẹsẹ̀ méjì wọlé, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kan jáde. Ohun tí ará àdúgbò kò rí ni iye ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà ti lò nínú ọparun àti àkísà tí àwọn tó ń to egungun nílé fi dì í kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọkùnrin kan tó já bọ́ lórí igi ọsàn lápá Ìdànrè, ọjọ́ 9 ni ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ lò nínú irú ìdì bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ìgúnpá. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní gé e, àbí?" N kò gbàgbé ohùn yẹn.

Ibi tí egungun bá ti ṣẹ́ máa ń wú, wíwú náà á sì máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi igi dì í pinpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara kò ní àyè tó máa wú sí, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Tó bá fi máa tó nǹkan bíi wákàtí 6, ẹran ibẹ̀ á ti máa kú. Ẹran tó ti kú kì í jí mọ́. Bí a bá sì fi í sílẹ̀, májèlé rẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀, á pa ẹni tó ni ín. Ìdí tí dókítà fi ń gé e nìyẹn.

Àwa náà kì í sáré fi POP, ìyẹn nǹkan funfun tó ń le bí òkúta tí a fi ń di egungun tó ṣẹ́, yí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ po. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la máa ń fi POP gbé, a ó fi báńdéèjì wé ìyókù, títí wíwú á fi fà. Àwọn kan máa ń rò pé a ṣe é ní àbọ̀ ni.

N kò bú àwọn bàbá tó ń to egungun. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò egungun náà (X-ray) lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá dì í, bí ìrora bá ń le sí i, tí nína ọmọ ìka kò ṣeé fara dà, tàbí tí ìka tutù tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ igi àti àkísà, ẹ tú u nísinsìnyí, kẹ́ ẹ gbé e wá. Bó bá jẹ́ POP, ẹ tètè gbé e padà wá, àwa la máa là á.