Ife-ẹ̀yẹ NC State ti ọdún 1983 kì í ṣe àkọsẹ̀bá

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a lọ nílùú Houston láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ Hakeem Ọlájuwọ́n tún délẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń délẹ̀ níbikíbi tí Yorùbá mẹ́ta bá ti jókòó pọ̀ nílùú yìí. Ẹ̀gbọ́n kan sì tún sọ ohun tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: pé àkọsẹ̀bá lásán ni ikọ̀ NC State (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina) fi gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà mọ́ Yunifásítì Houston lọ́wọ́ ní ọdún 1983, pé ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni wọ́n, pé ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù tí kò dé ibi tó ń lọ, ẹlòmíràn sì ṣèèṣì wà nítòsí láti gbá a mú. Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì náà ló gbè é lẹ́sẹ̀. Oúnjẹ dé kí n tó sọ tẹnu mi tán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Fún àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1983 ni eré àṣekágbá náà wáyé nílùú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Houston ti borí nínú eré 31, méjì péré ni wọ́n sì pàdánù. 26 tó gbẹ̀yìn nínú eré wọn, àborí ni gbogbo rẹ̀. Ọlájuwọ́n wà níbẹ̀, Clyde Drexler wà níbẹ̀, Larry Micheaux àti Michael Young náà wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n lókè débi pé àwọn oníròyìn fún wọn ní orúkọ ìnagijẹ Phi Slama Jama. Àwọn ará NC State, tí Jim Valvano jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fún, ti pàdánù nígbà mẹ́wàá ní sáà náà. Síbẹ̀, 54 sí 52 ni wọ́n fi borí, nígbà tí Lorenzo Charles gba bọ́ọ̀lù tí Dereck Whittenburg jù láti òkèèrè tí kò dé agbọ̀n, tó sì ki bọ́ọ̀lù náà wọlé bí aago ṣe ń tán lọ.

Ohun tí gbogbo ènìyàn rántí nìyẹn, nítorí pé òun ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn lọ́dọọdún. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni. Eré ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n gbá.

Kí n kọ́kọ́ yára mú ọ̀rọ̀ ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí kúrò lọ́nà. Àwọn mẹ́ta tó jẹ́ òpómúléró NC State, Whittenburg, Sidney Lowe àti Thurl Bailey, ló wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Whittenburg àti Lowe ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù láti ilé ẹ̀kọ́ girama DeMatha ní Maryland, ilé ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Amẹ́ríkà nínú eré yìí. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Whittenburg dá egungun ẹsẹ̀ nínú eré kan pẹ̀lú Yunifásítì Virginia, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ń ka àìborí mẹ́wàá sí wọn lọ́rùn, kí ó lọ wo iye tí ó wáyé nínú rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin yìí jókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì. Nígbà tí oṣù díẹ̀ sì kọjá lẹ́yìn àṣekágbá náà, tí àwọn ikọ̀ NBA, líìgì àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú, ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, Bailey ni ẹni keje tí wọ́n mú. Drexler, tí ẹ̀yin ará Houston ń fi búra, ni ẹni kẹrìnlá.

Kí wọ́n tó dé Albuquerque ńkọ́? Nínú ìdíje ACC, líìgì tí NC State wà, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa nínú rẹ̀ kí ọ̀nà tó là fún wọn, wọ́n na Yunifásítì North Carolina, tó yàtọ̀ sí NC State, ní 91 sí 84 nínú àfikún àsìkò. North Carolina yìí ló gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún tó ṣáájú, Michael Jordan sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n na Virginia ní 81 sí 78, Virginia tí Ralph Sampson wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje àti íǹṣì mẹ́rin, tí wọ́n ti yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Nígbà tí wọ́n tún pàdé Virginia nínú ìdíje gbogbogbòò, NC State tún borí wọn, 63 sí 62. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí apá tó kàn, nítorí pé n kò tíì rí ẹni tó ń pariwo àkọsẹ̀bá tó mẹ́nu bà á. Ọ̀kan nínú eré méjì tí Houston pàdánù kí àṣekágbá tó dé, ọwọ́ Virginia kan náà ló ti wá, nílùú Tokyo, ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, 72 sí 63. Sampson ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, kò gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ikọ̀ tó na Houston láìsí ọ̀gá wọn, òun ni NC State nà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ọ̀gá náà wà nínú pápá. Bí èyí kò bá tó láti fi mọ̀ pé wọ́n kì í ṣe òtòṣì ikọ̀, n kò mọ ohun tí yóò tó.

Ṣùgbọ́n ìjù ọ̀fẹ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bọ́ọ̀lù tí ẹni tí wọ́n ṣe fáòlù sí máa ń jù láti orí ìlà láìsí ẹni tó dí i lọ́wọ́. Nígbà náà, kò tíì sí aago tó ń lé ikọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje gbogbogbòò àwọn yunifásítì. Sáà 1985 sí 1986 ni wọ́n tó fi aago ìṣẹ́jú-àáyá 45 lélẹ̀ fún gbogbo wọn. Èyí já sí pé ikọ̀ tó bá wà níwájú lè di bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ síra wọn títí àsìkò yóò fi tán, kò sì sí rẹfirí tí yóò bi wọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún ẹni tó wà lẹ́yìn ni kí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáòlù. Òfin ìgbà náà sì ni pé bí fáòlù ikọ̀ kan bá ti pé méje ní ìlàjì eré kan, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò lọ dúró lórí ìlà láti ju ẹyọ kan. Bí ó bá wọlé, yóò ju ìkejì. Bí kò bá wọlé, ó tán, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù náà mú ló ni ín.

Valvano mọ òfin yìí, ó sì fi ṣe ohun ìjà. Nínú eré àkọ́kọ́ wọn nínú ìdíje náà, Pepperdine ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn sílé. NC State ń ṣe fáòlù sí àwọn ará Pepperdine, àwọn yẹn ń lọ sórí ìlà, wọ́n ń jù ú sọnù, títí NC State fi bá wọn tí wọ́n sì borí ní 69 sí 67 lẹ́yìn àfikún àsìkò méjì. UNLV (Yunifásítì Nevada tó wà ní Las Vegas) náà ti fi àmì tó pọ̀ ṣáájú wọn kí NC State tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 71 sí 70. Ẹni tó bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan lè pè é ní oríire. Bí ikọ̀ kan bá ń ṣe ohun kan náà ní eré dé eré, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì ń kéde rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyẹn.

Ẹ wá wo àṣekágbá náà fúnra rẹ̀. Ní ìlàjì àkọ́kọ́, 33 sí 25 ni NC State fi wà níwájú, Bailey ń ju bọ́ọ̀lù láti ibi tí Ọlájuwọ́n kò fẹ́ jáde dé, Drexler sì ti ní fáòlù mẹ́rin lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Houston gbóná, wọ́n gba àmì 17 nígbà tí NC State gba méjì péré, eré di 42 sí 35. Ibẹ̀ ni Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Houston, ti ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n di bọ́ọ̀lù mú. Ikọ̀ tí eré sísá àti kíki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n jẹ́ ẹ̀mí wọn, òun ni ó ní kí wọ́n máa rìn. Ó rẹ Ọlájuwọ́n, mo mọ̀. Síbẹ̀, ohun tí Lewis ṣe ni pé ó gbé eré náà kúrò lórí ohun tí Houston mọ̀ ọ́n ṣe jù, ó sì gbé e lọ sórí ìlà ìjù ọ̀fẹ́, níbi tí Valvano ti ń dúró dè wọ́n. NC State bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáòlù. Houston ń jù, kò wọlé. Lowe àti Whittenburg ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó ń wọlé. Nígbà tó di 52 sí 52, tó ku bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n ṣe fáòlù sí Alvin Franklin, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ó lọ dúró lórí ìlà, ó ju ẹyọ àkọ́kọ́, kò wọlé, NC State sì gba bọ́ọ̀lù.

Ìjù ọ̀fẹ́ 19 ni Houston ní ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́wàá ló wọlé. Mẹ́sàn-án ṣòfò nínú eré tí wọ́n fi àmì méjì pàdánù.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní bọ́ọ̀lù agbọ̀n l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó ṣí wá síbí, ohun tí mo sì máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé ẹsẹ̀ la fi ń ju ìjù ọ̀fẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Ọmọ gíga tó ń ki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n láti àárọ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń já mi kulẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́: orúnkún rẹ̀ kò ní í tẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù yóò sì máa kọlu iwájú irin agbọ̀n léraléra. Mo máa ń mú kí wọ́n sáré yí pápá ká kí wọ́n tó wá jù ú, nítorí pé ẹni tó bá fi ara tútù kọ́ ọ kò tíì kọ́ ọ. Àwọn ọmọ náà kórìíra rẹ̀ gan-an, àwọn òbí kan tilẹ̀ wá fi ẹjọ́ mi sùn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá wo fídíò eré náà, tí mo rí bí bọ́ọ̀lù àwọn ará Houston ṣe ń balẹ̀ ṣáájú agbọ̀n, n kò rí oríire ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo rí ikọ̀ tí kò ka ìjù ọ̀fẹ́ sí títí ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù lọ.

Bọ́ọ̀lù Whittenburg yẹn kò dé agbọ̀n, òótọ́ ni. N kò ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ Charles ní oríire díẹ̀ nínú, bí wọ́n bá sì tún eré náà gbá ní ọjọ́ mìíràn, Houston lè borí. Ṣùgbọ́n kí ni Charles ń ṣe níbẹ̀? Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n, níbi tí a ti ń kọ́ gbogbo ẹni gíga láti dúró sí nígbà tí ọmọ ikọ̀ rẹ̀ bá ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ojú rẹ̀ sì wà lára bọ́ọ̀lù. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wà nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀ nìyẹn: òun ló ju ìjù ọ̀fẹ́ méjì tó wọlé ní ìparí eré Virginia, tó sọ ọ́ di 63 sí 62. Houston ìbá ti yanjú eré náà kí Whittenburg tó gbé ọwọ́ sókè, bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù wọn sínú agbọ̀n nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dí wọn lọ́wọ́.

Àwọn àwáwí yòókù kò gba àkókò púpọ̀. Wọ́n ní Albuquerque ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,600, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ikọ̀ méjèèjì mí. Wọ́n ní fáòlù ba eré Drexler jẹ́, pé àmì mẹ́rin péré ló gbà. Ta ló ṣe fáòlù náà?

Èyí tó ń bí mi nínú jù, àwa Yorùbá la sì máa ń sọ ọ́, ni pé Ọlájuwọ́n ló yẹ kó dá Charles dúró, òun ló fa àìborí náà. Ọmọ tó kúrò lórí bọ́ọ̀lù ọwọ́ ní Muslim Teachers College l'Ékòó, tó dé Houston ní ọdún 1980, gba àmì 20 nínú àṣekágbá náà, ó gba bọ́ọ̀lù tó ta padà 18, ó sì gbá bọ́ọ̀lù àwọn alátakò dànù lẹ́ẹ̀meje. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú ìpele àṣekágbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ kò borí, kò sì tíì sí ẹlòmíràn láti inú ikọ̀ tó pàdánù tó gba irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹni tí yóò dá lẹ́bi, ìlà ìjù ọ̀fẹ́ ni kí ó wò, kí ó sì wo àga tí Lewis jókòó lé.

Ní ọdún 1984, Houston tún padà dé àṣekágbá, Ọlájuwọ́n sì ṣì wà pẹ̀lú wọn. Georgetown nà wọ́n ní 84 sí 75. Àmì mẹ́sàn-án nìyẹn, láìsí bọ́ọ̀lù tó ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì ń dúró de ẹni tí yóò sọ fún mi pé àkọsẹ̀bá nìyẹn náà.